Bételgeuse ní Ojú Ọ̀run Abidjan: Ọ̀rọ̀ tó yẹ fún Ìràwọ̀ tí Ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀ ń Yí Padà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdọọdún, ní nǹkan bí aago 9 alẹ́, ìràwọ̀ pupa kan máa ń kọjá lókè orí ẹni tó bá dúró ní Treichville tàbí Adjamé; dígírì 2 péré ni kò jẹ́ kí ó ṣe déédéé àtàrí. Ní Èjìgbò, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá Abidjan ti ṣẹ̀ wá, kò tó dígírì 1. Bételgeuse ni orúkọ rẹ̀ lédè Faransé. Inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọwọ́. Àwọn adàwékọ ayé àtijọ́ ló ṣi àmì tóótòòtó kà, tí wọ́n fi kọ 'b' dípò 'y'. (Èyí kò lè ya ẹni tó mọ ohun tó wà láàárín oko àti ọkọ lẹ́nu.)

Ní 1836 ni John Herschel ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ìràwọ̀ náà a máa wú, a sì máa sunkì, ní nǹkan bí ọjọ́ 400 sí ara wọn. Èyí yàtọ̀ sí bí ìràwọ̀ gbogbo ṣe ń ṣẹ́jú, tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ayé ló ń fà á. Ṣùgbọ́n láti ìparí 2019 títí di oṣù Kejì 2020, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn kan ń retí pé yóò bú gbàmù. Kò bú, ní oṣù Kẹrin, ìmọ́lẹ̀ ti padà. Ní 2021, Miguel Montargès àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo awò awọ̀nàjíjìn tó wà ní Chile láti ṣàlàyé rẹ̀: ìràwọ̀ náà ti tú gáàsì jáde, apá kan ojú rẹ̀ tutù, gáàsì náà di eruku, eruku sì bò ó.

Níbí ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè wà. Bí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́ pé 'ìràwọ̀ náà ń kú', òǹkàwé Yorùbá lè gbọ́ ọ bí ìgbà tí iná àtùpà kú, tàbí kí ó gbọ́ ọ bí òpin ayé ìràwọ̀ náà. Ti 2020 kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. 'Ìràwọ̀ aláyìípadà' náà kò pé tó, nítorí ipò tàbí ìrísí náà lè yí padà. 'Ìràwọ̀ aláyìípadà ìmọ́lẹ̀' gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ń yí padà. Lẹ́yìn rẹ̀, 'wú', 'sunkì' àti 'bò' yóò sọ ohun tó fà á.