Iṣẹ́ Kan, Orúkọ Méjì



Ọ̀kan nínú yín tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báńkì kan l'Ékòó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo bá wá o." Wọ́n ní kó pa iṣẹ́ àtijọ́ kan rẹ́ nínú DataStage. Ó ti ṣí gbogbo sequence wọn wò, kò rí orúkọ iṣẹ́ náà. Ṣé kó pa á rẹ́? Mo ní kó ní sùúrù, kó kọ́kọ́ là mí lóye.

DataStage ti IBM ló ń kó ìsọfúnni láti ibì kan, tó ń tún un ṣe, tó ń dà á síbòmíràn. Job ni wọ́n ń pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Sequence ló ń to àwọn job tẹ̀lé ara wọn: èyí ni kó ṣáájú, bí ó bá kùnà, kí ìyẹn má bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán sequence, a kì í rí job fúnra rẹ̀. Aṣojú rẹ̀ là ń rí, ìyẹn Job Activity, aṣojú yìí sì ní orúkọ tirẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é kò bá yí i padà, Job_Activity_0, Job_Activity_1 ni yóò máa jẹ́ lọ. Inú properties rẹ̀ ni orúkọ job gan-an wà.

Ẹ̀rín pa mí. Ní agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. "Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè mí, "Ìbàdíàrán" ni wọ́n ń pe àbúrò mi obìnrin. Àlejò tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń tẹ́tí láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní gbọ́ orúkọ inú ìwé-ẹ̀rí mi. Ṣé n kò sí nílé ni?

Báwo la ṣe ń wá a? Nínú Designer, tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún mouse lórí job náà, kí o yan "Find where used". Tàbí kó gbogbo sequence sínú fáìlì .dsx, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, wá orúkọ náà níbẹ̀. Ṣọ́ra o: LOAD_CUST yóò gbé LOAD_CUSTOMER wá pẹ̀lú, bí ẹni tó ń wá Adé tí wọ́n kó Adébáyọ̀ àti Adéwálé fún. Sequence mìíràn sì lè máa pe sequence tí o rí, nítorí náà tọ̀ ọ́ dókè dé ibi tó parí sí. Wo inú routine fún DSAttachJob, kí o sì wo àwọn script orí server fún àṣẹ dsjob, torí àwọn yẹn náà ń pe job.

Ó rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: Job_Activity_7, nínú sequence ìparí oṣù. Ká ní ó ti pa á rẹ́, ìparí oṣù ni wọn ì bá tó mọ̀, lóru, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọsẹ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, orúkọ job ni kí ẹ fún aṣojú rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín kì í ṣe ìyàwó ilé tó mọ orúkọ tí kò kàn fẹ́ pè é. Àlejò pátápátá ni.

Ó dàbọ̀ ná.