Òwú Ni Kí Ẹ Wò, Kì Í Ṣe Páálí

Bí wọ́n bá gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle lé mi lọ́wọ́, n kì í kọ́kọ́ wo páálí rẹ̀. Àárín ni mo máa ń ṣí, kí n lè rí kòtò tí àwọn ojú-ìwé ti pàdé. Òwú ni mò ń wá.

Ìwé tí wọ́n dì dáadáa, bébà ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ìdìpọ̀ olójú-ìwé 16. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń rán àwọn ìdìpọ̀ náà mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn ni gọ́ọ̀mù ń dé, kí páálí àti aṣọ òde tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó pọ̀ lọ́jà báyìí, gọ́ọ̀mù nìkan ni. Wọ́n á gé ẹ̀yìn bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé páálí wọ̀ ọ́, wọ́n á fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ sí i. Ó ń dán bí agbádá ọkọ ìyàwó. Ẹni tó bá ti di iṣẹ́ àṣejáde yunifásítì rí mọ irú rẹ̀. Ní tèmi, ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ tí wọ́n fi òwú rán sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá ti R. C. Abraham, tí University of London Press tẹ̀ jáde ní 1958, ló là mí lójú. Ó lé ní 700 ojú-ìwé. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ ṣí i síbi tó wù yín, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí ẹni tó dì í mú, ọwọ́ yín á sì ráyè kọ nǹkan. Aṣọ ẹ̀yìn tèmi ti họ létí, ó rí ṣákiṣàki lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú-ìwé kan kò já.

Ọyẹ́ ìlú Orozo tí mò ń gbé níbí kì í ṣeré o. Bó bá ti dé, páálí ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, torí aṣọ òde àti bébà inú kì í súnkì bákan náà. Ẹ to ìwé lóòró, kí wọ́n fún ara wọn díẹ̀. Ní ti eruku, ọ̀dà pupa tó wà létí Bíbélì àwọn àgbà wa kì í ṣe fún ẹwà nìkan; kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí tètè hàn.

Bí páálí bá tilẹ̀ ya kúrò lára ìwé tí wọ́n rán, adìwé lè fi òmíràn sí i. Ikán nìkan ni kò ní àtúnṣe: ẹ má gbé ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí pẹpẹ rẹ̀ kan ògiri.