Lẹ́ǹsì tí wọ́n ń tún ṣe nínú ojú: ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti àṣìṣe nínú iṣẹ́ abẹ kàtárákìtì

Kàtárákìtì, tí àwọn ará Ẹdẹ àti agbègbè rẹ̀ sábà máa ń ṣàpèjúwe gẹ́gẹ́ bí ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí ohun funfun tó bo ọmọlójú, kì í ṣe awọ tó hù sórí ẹyinjú gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Lẹ́ǹsì àdámọ́ tó wà lẹ́yìn ọmọlójú, tó yẹ kó mọ́ gaara, ni ó ti ṣókùnkùn, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì rí àyè kọjá dé awọ ẹ̀yìn ojú níbi tí àwòrán ti ń hàn. Kò sí oògùn ìkánsójú tàbí àgbo tó lè dá a padà. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni ọ̀nà àbáyọ: dókítà ojú a yọ lẹ́ǹsì tó ti bàjẹ́ náà, a sì fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá kékeré kan, tí ìbú rẹ̀ tó bíi mìlímítà 6, rọ́pò rẹ̀ títí ayé. Ìbéèrè kan wà tí aláìsàn kì í sábà bi dókítà nípa iṣẹ́ yìí, òun gan-an ló sì bí lẹ́ǹsì tuntun tí wọ́n ń tún ṣe nínú ojú: ọ̀nà wo ni dókítà ń gbà mọ agbára lẹ́ǹsì tó bá ojú kan mu, nígbà tí lẹ́ǹsì àtọwọ́dá kò ṣeé kọ́kọ́ wọ̀ wò bí bàtà?

Àṣìṣe ìwọ̀n ni ìtàn lẹ́ǹsì àtọwọ́dá fi bẹ̀rẹ̀. Harold Ridley, dókítà ojú kan ní Ìlú Ọba, ṣàkíyèsí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pé èérún fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n fi Perspex ṣe, máa ń wọ ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú tí kò sì ní mú ojú náà wú tàbí kó gbọgbẹ́ bí irin ti máa ń ṣe. Láti inú àkíyèsí yìí ni ó ti fi Perspex ṣe lẹ́ǹsì, tí ó sì fi sí ojú aláìsàn kan ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1949. Lẹ́ǹsì náà jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n bí lẹ́ǹsì àdámọ́ ṣe rí ni Ridley ṣe gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ Perspex ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju lẹ́ǹsì àdámọ́ lọ, nítorí náà aláìsàn náà di ẹni tí kò rí ọ̀kánkán, tí àṣìṣe rẹ̀ sì tó bíi dioptre 18. Dioptre ni òṣùwọ̀n agbára lẹ́ǹsì. Òun ni nọ́ńbà 1.50 tàbí 2.00 tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ awò ìkàwé tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹni tó bá sì ti wọ 2.00 rí lè fi ojú inú wo ohun tí 18 jẹ́. Àwọn tó ń ka ìtàn Ridley gẹ́gẹ́ bí ìtàn Lọ́ńdọ̀nù nìkan a máa gbàgbé pé ọkùnrin yìí ti gbé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: dókítà ológun ni ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣe ìwádìí nípa àrùn tí eṣinṣin etí odò ń fà, tí ń fọ́ni lójú, ní abúlé Funsi ní àríwá ilẹ̀ náà, tó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1945.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ojú ti ń wá bí ìwọ̀n yóò ṣe péye. Ohun méjì ni wọ́n ń wọ̀n ṣáájú iṣẹ́ abẹ: bí awọ títàn iwájú ẹyinjú ṣe tẹ̀ tó, àti bí ẹyinjú ṣe gùn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní ọdún 1980, àwọn dókítà mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Sanders, Retzlaff àti Kraff, gbé ìṣirò kan jáde tó so nọ́ńbà méjèèjì yìí pọ̀ mọ́ agbára lẹ́ǹsì tí a nílò, ìṣirò tí wọ́n sì ń lò lónìí ti jinlẹ̀ ju ti wọn lọ. Gígùn ẹyinjú àgbàlagbà sábà máa ń sún mọ́ mìlímítà 23.5, tí àṣìṣe mìlímítà kan ṣoṣo bá sì wọ inú rẹ̀, agbára lẹ́ǹsì á ṣì ní nǹkan bíi dioptre 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí lójú nìyí: wọ́n á kán oògùn tí ń mú ojú kú tipiri, wọ́n á wá fi orí ẹ̀rọ kékeré kan, tó rí bíi kálàmù, kan iwájú ẹyinjú, kí ìró tí etí kì í gbọ́ lè wọlé, kó lu ẹ̀yìn ojú, kó sì padà wá, ọwọ́ tó bá wúwo díẹ̀ á tẹ ẹyinjú, á sọ ọ́ di kúkúrú lórí ìwé, lẹ́ǹsì tí wọ́n á yàn á sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n láì fọwọ́ kan ojú, ó sì péye jù, ṣùgbọ́n kàtárákìtì tó bá ti ki jù kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà kọjá, irú kàtárákìtì bẹ́ẹ̀ ni ó sì wọ́pọ̀ níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró títí ojú yóò fi kú tán kí wọ́n tó wá sí ilé ìwòsàn. Bí gbogbo èyí bá tilẹ̀ péye, lẹ́ǹsì ṣì lè jókòó síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìwọ̀nba díẹ̀ bí ojú ṣe ń jinná, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀.

Ibi yìí ni ọgbọ́n Daniel Schwartz, dókítà ojú, àti Robert Grubbs, onímọ̀ kẹ́mísírì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005, ti wúlò. Wọn kò wá ìwọ̀n tó péye jù mọ́. Wọ́n ṣe bíi télọ̀ tó mọ̀ pé ara oníbàárà lè yí padà, tó wá fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán. Sílíkóònù ni wọ́n fi ṣe lẹ́ǹsì náà, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí kò tíì so mọ́ra sì wà káàkiri inú rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ìtànṣán ultraviolet, irú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú kì í rí, ni ó lè mú wọn so pọ̀. Bí dókítà bá tan ìtànṣán yìí sí àárín lẹ́ǹsì, àwọn tó wà níbẹ̀ á so mọ́ra, àwọn tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì máa wọ́ lọ síbẹ̀, bí omi ṣe ń wọ́ tọ gàrí tó ṣì gbẹ nínú abọ́, tí ibẹ̀ á sì wú. Àárín tó wú yìí á fi agbára kún lẹ́ǹsì. Bí ó bá jẹ́ etí ni wọ́n tan án sí, agbára á dín kù. Wọ́n tún lè tan án ní ọ̀nà tó ń ṣàtúnṣe ojú tí iwájú rẹ̀ kò rí róbótó, tó gùn síbì kan bí ẹyin, tí ìlà tó tọ́ fi ń hàn bíi pé ó ní òjìji.

Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lẹ́ǹsì yìí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 600 aláìsàn, níbi tí àwọn tó gbà á ti ń ka nǹkan bí ìlà kan sí i lórí pátákó àyẹ̀wò ojú láì wọ awò, ju àwọn tó gba lẹ́ǹsì lásán lọ, nígbà tó di oṣù mẹ́fà. Ilé iṣẹ́ RxSight ní California ló ń ṣe é. Àtúnṣe àkọ́kọ́ kì í wáyé títí ọjọ́ 17 sí 21 á fi kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n lè ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí wọ́n tó wá tan ìtànṣán sí gbogbo lẹ́ǹsì náà lẹ́ẹ̀mejì láti tì í pa, kó má bàa yí padà mọ́. Ìtànṣán kan náà tí dókítà ń lò wà nínú oòrùn, ó sì lè yí lẹ́ǹsì náà padà kí wọ́n tó tì í, nítorí náà aláìsàn gbọ́dọ̀ máa wọ awò tó ń dènà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí kò bá sùn. Ó yẹ kí a tún sọ ọ́ kedere pé lẹ́ǹsì yìí kò sọ àgbà di ọ̀dọ́: ẹni tó bá yàn láti rí ọ̀kánkán dáadáa yóò ṣì wá awò tí yóò fi ka Bíbélì tàbí Kùránì.

Nígbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Ẹdẹ, ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni oògùn tí aláìsàn ń lò àti ìrìn àjò. Oògùn wà tó ń mú kí ojú tètè fara pa lábẹ́ ìtànṣán ultraviolet, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹni tó ń lò wọ́n gba lẹ́ǹsì yìí. Lára wọn ni chloroquine, tí àwọn kan ṣì ń rà fún ibà, doxycycline, àti hydrochlorothiazide, tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ń lò lójoojúmọ́. Ẹni tó wọkọ̀ láti Ẹdẹ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN ní Òṣogbo lè padà sílé kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹni tó gba Sẹ̀kọnà lọ sí ti Ilé-Ifẹ̀ náà lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ìrìn àjò márùn-ún láàárín oṣù kan tàbí méjì, pẹ̀lú ọmọ tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti fa arúgbó lọ́wọ́, jẹ́ owó tí kì í hàn nínú iye tí ilé ìwòsàn dá. Ní ìdàkejì, ilé iṣẹ́ Aurolab ní Madurai, ní Íńdíà, ti ń ṣe lẹ́ǹsì lásán láti ọdún 1992 ní owó tí kò tó dọ́là 10, lẹ́ǹsì tó jẹ́ pé bí ìwọ̀n rẹ̀ bá péye, aláìsàn púpọ̀ kò ní mọ ohun tí wọ́n pàdánù.

Ìwádìí ìjọba lórí ojú fífọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2005 sí 2007, fi ibi tí àìní wà hàn. Nínú 13,591 àgbàlagbà tó ti pé ẹni 40 ọdún tí wọ́n yẹ ojú wọn wò, kàtárákìtì ló fa ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ojú fífọ́ tí wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ní ojú tó ju ìdá 40 lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ti tọ́jú nítorí rẹ̀, kò sí yíyọ lẹ́ǹsì rárá: abẹ́rẹ́ ni àwọn oníṣègùn arìnrìn-àjò fi ti lẹ́ǹsì náà sínú ẹyinjú, tí wọ́n sì gba owó lọ.

Àtúnṣe kan wà tí kò nílò ìtànṣán. Kàtárákìtì sábà máa ń mú ojú méjèèjì, wọn kì í sì í sábà ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bí aláìsàn bá padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà lẹ́yìn ojú àkọ́kọ́, tí wọ́n wọ̀n bí ó ṣe ń ríran sí, tí ó wá hàn pé lẹ́ǹsì náà le ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ ní dioptre kan, dókítà á kọ nọ́ńbà náà sínú káàdì rẹ̀, á sì fi nǹkan bí ìdajì àṣìṣe yẹn tún lẹ́ǹsì ojú kejì yàn. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé ẹni tí ojú kan ti là fún, tó ti ń dá owó mọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà lọ́jà, kì í sábà rí ìdí tí yóò fi padà lọ fún àyẹ̀wò náà.