Ta Ni Yóò Ràdọ̀ Bo Òròmọdìẹ?

Ẹni tí ó bá lọ ra adìẹ ọdún Kérésìmesì ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, kì í sábà rántí pé owó iná wà nínú iye tí wọ́n pè é. Adìẹ tí a ń tà ní Dìsẹ́ńbà, inú òtútù òjò Ọ́kítóbà ni a ti ń tọ́ ọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu sì ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, olùsìn adìẹ kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ mọ́.

Adìẹ ìbílẹ̀ kò mọ wàhálà yìí. Bí àgbébọ̀ bá pamọ tán, yóò na apá rẹ̀, yóò sì ràdọ̀ bò wọ́n. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan tí a rà nínú páálí kò ní ìyá, ìhùùhù lásán ni ó sì wà lára rẹ̀. Ooru tí ó tó ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ń fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn èyí, a ó máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùsìn ni ó gbọ́dọ̀ di àgbébọ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n àgbébọ̀ náà dáadáa. Kì í mú gbogbo àgbàlá gbóná. Abẹ́ apá rẹ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń dáná fún odidi ilé nítorí ọgọ́rùn-ún ọmọ adìẹ. Bí a bá fi páálí ṣe agbo kékeré yí wọn ká, tí a sì tẹ́ èérún igi gbígbẹ sílẹ̀ nípọn, èédú díẹ̀ yóò tó. Èérún tí omi bá ti rin, kí a kó o dànù: omi tí ń gbẹ a máa gba ooru lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹni tí ó ń ṣọ́ èédú lò lè fi tapólì dí gbogbo ojú ilé pa, kí ilẹ̀ mọ́ kí ó bá òkú. Èédú tí ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́. Ó ń pa adìẹ; ó ń pa ènìyàn tí ó bá sùn tì wọ́n pẹ̀lú. Ìsàlẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń lu àwọn ọmọ, ni kí a dí. Kí a fi òkè sílẹ̀. Èédú tí àyè òkè náà bá mú jó sí i kì í ṣe àdánù.

Àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn a máa sọ bí iná ti rí. Bí wọ́n bá kó jọ gìrìgìrì sídìí iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún un tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, owó ni à ń sun.

Ti adìẹ tí ń yé ẹyin yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ bí wákàtí 16 lójúmọ́ ni ó ń fẹ́, oòrùn Èkìtì kò sì fúnni ju nǹkan bí 12. Gílóòbù àtijọ́ 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 wọ́ọ̀tì, yóò jẹ 2,400 wọ́ọ̀tì-wákàtí ní wákàtí 4 tí ó kù. LED 10 oní-wọ́ọ̀tì 9 yóò jẹ 360. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé LED náà lọ fún òròmọdìẹ o: kò ní ooru tí yóò ràdọ̀ bò wọ́n.