Ìdí tí nẹ́tíwọ̀kì fi ń dára tí fọ́tò kò sì ní kọjá: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ní afárá aláìlówáyà mọ̀

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ọ́fíìsì kan ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ́kọ́ dé, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ orí òpó irin gíga ta á látaré sí ọ́fíìsì kejì. Ẹ̀rọ méjì tó kọjú síra wọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní afárá aláìlówáyà. Kò gba wíwa ilẹ̀, kò gba fífa okùn gba inú oko olóko, owó rẹ̀ kò sì tó ti okùn abẹ́ ilẹ̀.

Irú afárá yìí wúlò púpọ̀ ní agbègbè Ìgbómìnà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí a bá fi ojú wọn ọ̀nà tààrà, bí i kìlómítà 12 péré ló wà láàárín Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá, ṣùgbọ́n òkè àti àfonífojì ló là wọ́n láàárín. Ẹ̀ríàlì méjèèjì sì gbọ́dọ̀ rí ara wọn kí afárá tó lè ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá ti yíwọ́, òkè ni ènìyàn máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí òkè kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ibi tí àwọn ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti fi ìdánwò orí ìwé sílẹ̀ pátápátá, kò sí ohun tí ọmọ tó ń wá Yunifásítì lè ṣe láìsí kọ̀ǹpútà. Iná ara ẹ̀rọ ń tàn, nẹ́tíwọ̀kì ń dán, ojú ìwé tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sì ṣí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́, gbogbo nǹkan á dúró gbagidi. Bí ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí bá bá wọn nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ọdún kan gbáko lè bọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á tún lọ ra òpó tuntun, owó á lọ, àìsàn á sì wà níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbé ẹrù ní odidi. Ó máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, á dì í ní ìdì ìdì, á sì kọ ibi tí ìdì kọ̀ọ̀kan ti wá àti ibi tó ń lọ sí i lára. Ìdì yìí ni wọ́n ń pè ní páákẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ọ̀nà ló sì ní ìwọ̀n ìdì tó tóbi jù lọ tó lè gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní MTU. Láti ọdún 1980 tí ilé-iṣẹ́ Digital, Intel àti Xerox ti gbé òfin Ethernet jáde, báìtì 1500 ni ìwọ̀n náà lórí okùn kọ̀ǹpútà. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló sábà ń fa ìṣòro, nítorí òfin Wi-Fi gbà tó báìtì 2304.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti fi àpò lẹ́tà kan sínú òmíràn. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì bá ń lo ètò PPPoE, àpò yẹn gba báìtì 8, ó ku 1492 fún ẹrù. Bí oníṣẹ́ bá tún fi ètò EoIP ti MikroTik so ọ́fíìsì méjèèjì pọ̀, ìyẹn gba báìtì 42, ó ku 1458 tí a kò bá ní gé ìdì sí méjì. Ọ̀rọ̀ kúkúrú àti orúkọ máa kọjá, nítorí ìdì wọn kéré. Fọ́tò ló máa ń kún ìdì dé ẹnu, òun náà ló sì máa há.

Ìbéèrè ni pé kí ló dé tí ẹ̀rọ kò fi pariwo? Ráútà lè dá èsì padà pé ìdì ti tóbi jù. Òfin RFC 1191 ti ọdún 1990 ló ṣàlàyé bí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣe máa fi èsì náà dín ìdì rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n afárá kì í ṣe ráútà. Ìdì tó bá ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ńṣe ló máa sọ ọ́ nù láìfọhùn. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé nítorí ààbò, wọ́n ti pàṣẹ fún ráútà wọn pé kó má ṣe jẹ́ kí irú èsì bẹ́ẹ̀ kọjá. RFC 2923 ti ọdún 2000 pe àìsàn yìí ní ihò dúdú, torí ohun tó bá kó sí i kì í jáde mọ́.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ ping -f -l 1472, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tó wà ní òdìkejì afárá tẹ̀ lé e. Bí ó bá kọjá, ẹ fi 28 kún 1472, ó di 1500, ọ̀nà yín mọ́ nìyẹn. Bí kò bá kọjá, ẹ máa dín in kù títí tó máa fi kọjá. Bí ó bá jẹ́ 1430 ló kọjá tí 1431 kò kọjá, ìwọ̀n ọ̀nà yín ni 1458. Oníṣẹ́ lè wá pàṣẹ fún ráútà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kó ti máa ní kí àwọn kọ̀ǹpútà di ẹrù wọn níwọ̀n 1418, nítorí àkọlé ara ìdì gba báìtì 40.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló sì yẹ ká kọ́kọ́ bi. Bí àpẹẹrẹ, ìwé MikroTik ya MTU sọ́tọ̀ kúrò lára L2MTU, èyí tó ń sọ bí ìdì ṣe lè tóbi tó ní ẹnu ihò okùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò kà á lè so ẹ̀rọ méjì tí ìwọ̀n wọn kò bára mu pọ̀. Ìmọ̀ yìí kò sì jìnnà: láti àwọn ọdún 1990 ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àti ilé ẹ̀kọ́ ICTP ní Trieste, orílẹ̀-èdè Ítálì, ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí fífi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀. Ìwé Wireless Networking in the Developing World, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2006, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ìkẹyìn fún oníṣẹ́, ẹ ní kó kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀: irú ẹ̀rọ tó lò, MTU ẹnu kọ̀ọ̀kan, àpò tó fi sínú àpò, àti iye tí àyẹ̀wò ping fi hàn. Ẹ lẹ ẹ̀dà kan mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi ọ̀kan pamọ́ sí ọ́fíìsì. Oníṣẹ́ lè kó lọ sí Èkó lọ́la. Ìwé yẹn ni ẹni tó bá gbapò rẹ̀ máa fi mọ ibi tó yẹ kó wò kó tó gun òpó.