Ojú Irin Etí Òkun ní Sri Lanka

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ìyá ọmọ, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Colombo lọ sí Galle, ní erékùṣù Sri Lanka, yóò rí òkun lápá ọ̀tún àti igi àgbọn lápá òsì. Níbòmíràn, ìgbì fẹ́rẹ̀ẹ́ ta dé ojú fèrèsé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó la ojú irin náà nígbà tí à ń pe erékùṣù yìí ní Ceylon. Ó dé Moratuwa ní 1877, ó dé Galle ní 1894, ó sì dé Matara ní 1895. Ní 2019 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Matara dé Beliatta.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, 2004, ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, ó sì tún bọ́ sí ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú tí àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń bọ̀wọ̀ fún. Nítorí náà, tọmọdé tàgbà ni ó kún inú ọkọ̀ tí ó kúrò ní Colombo ní nǹkan bí agogo méje òwúrọ̀. Ní àkókò náà gan-an ni ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun, lẹ́bàá Sumatra, ní ọ̀nà jíjìn réré. Nígbà tí ìròyìn dé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè gbìyànjú láti dá ọkọ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò bá a.

Ní abúlé Peraliya, ìgbì àkọ́kọ́ yí ọkọ̀ náà ká, ó sì dúró. Àwọn ará abúlé sá wọ inú rẹ̀, àwọn mìíràn gun òrùlé rẹ̀, àwọn òbí sì gbé ọmọ wọn sínú rẹ̀, nítorí wọ́n rò pé omi kò lè gbé irin tí ó wúwo tó báyìí. Ta ni nínú wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Òkun fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí yóò pọn ọmọ rẹ̀, yóò sì dorí kọ òkè kíákíá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. (Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé kí wọ́n má da omi sí epo tí ó ń jó, n kò kọ́ wọn ní ti òkun rí.) Ìgbì kejì ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ. Ó gbé e kúrò lójú irin, ó sì fọ́n ọn ká sáàárín igi àgbọn. Àwọn tí ó kú lé ní 1,700. Kò sí ìjàm̀bá ọkọ̀ ojú irin mìíràn tí a mọ̀ tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọkọ̀ fi tún ń kọjá níbẹ̀. Wọ́n tún ẹ́ńjìnì tí ìgbì gbé ṣe, lọ́dọọdún ní ọjọ́ náà ni ó sì máa ń padà wá sí Peraliya, tí yóò dúró kí àwọn ẹbí lè gbàdúrà fún àwọn òkú wọn.