Orúkọ wo ni a ó fún Ìhà tí Ọpọlọ ń fi hàn?

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé kan ní Igbókọ̀dá léèrè ohun tí ó rò nípa ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ, ó lè dáhùn pé òun fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ kí ojú máa tì í láti sọ ọ́ níwájú àlejò. Èwo nínú méjèèjì ni ìhà tí ó kọ sí èdè ìyá rẹ̀ ní tòótọ́?

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà àtimọ ohun tí ẹnu kò sọ. Ní 1960, Wallace Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti Montreal ní Kánádà. Wọ́n gba ohùn àwọn tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sílẹ̀ ní èdè méjèèjì. Àwọn olùgbọ́ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni ó ń sọ ọ́. Àwọn elédè Faransé pàápàá gbé ohùn Gẹ̀ẹ́sì ga ju ti èdè wọn lọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà.

Nígbà tí ó yá, wọ́n yíjú sí ọpọlọ. Ní 2000, Elizabeth Phelps àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lo ẹ̀rọ tí ó ń ya àwòrán ìṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ. Àwọn aláwọ̀ funfun ń wo ojú àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọn kò mọ̀ rí. Ohun tí ẹ̀rọ fi hàn bá èsì ìdánwò tí ó ń wọn ìyára ìdáhùn mu, kò bá ohun tí wọ́n fẹnu sọ mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lo ojú àwọn aláwọ̀ dúdú olókìkí tí aráyé fẹ́ràn, a kò rí irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún wa. Fáwẹ̀lì u ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú Ugbò, Yorùbá àjùmọ̀lò kò sì gba irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọpọlọ ọmọ Ọ̀yọ́ bá ta gìrì sí i, ó lè jẹ́ pé ó ṣàjèjì sí i ni, kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀.

Nítorí náà, kò yẹ kí a pe ẹ̀rọ yìí ní 'arínúróde'. Oríkì Olódùmarè nìyẹn. 'Ìhà ìkọ̀kọ̀' náà kò ṣe déédéé, nítorí ẹni tí ó fi nǹkan pamọ́ mọ ohun tí ó fi pamọ́. Àbá wa ni 'ìhà àìmọ̀ọ́mọ̀kọ'. Olùkọ́ tí ó bá lo ọ̀rọ̀ yìí kò ní fẹ̀sùn kan ọmọ Ìlàjẹ tí ojú ń tì. Yóò bi í léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ fi èdè rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà.